Kí ẹ tó ra ilé l'Ádó-Èkìtì, ẹ kọ́kọ́ wọn ọ̀nà fún bọ́ọ̀sì yín

Ejẹ́ǹtì tó mú èmi àti ìyàwó mi lọ wo ilé àkọ́kọ́ tí a rà l'Ádó, Corolla ló fi gbé wa lọ. Ọkọ̀ náà wọ géètì wọ́ọ́rọ́wọ́. A wo yàrá, a wo kànga, a wo igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé, inú wa dùn, a sanwó. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní alẹ́ ọjọ́ Jimọ̀ kan, mo wa bọ́ọ̀sì Coaster wa dé ẹnu géètì yẹn, mo sì rí i pé kò ní wọlé láéláé. Géètì náà kò kéré. Ojú pópó ló há, gọ́tà wà ní òdìkejì, òpó iná sì dúró gan-an sí ibi tí imú ọkọ̀ yẹ kó gbà yí. Oṣù mọ́kànlá ni bọ́ọ̀sì wa fi sùn nínú ọgbà ilé ìwé kan, tí à ń sanwó fún ọlọ́dẹ lóṣooṣù, síbẹ̀ wọ́n jí bátìrì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó dùn mí débi pé mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ tó gùn ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, ìbáà ṣe Hiace, ìbáà ṣe Coaster, ìbáà ṣe ọkọ̀ àjò oníbùsùn tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Tiwa, a yọ àga mẹ́rin tó wà lẹ́yìn pátápátá, a kan bẹ́ẹ̀dì sí i, a gbé ààrò gáàsì kékeré àti kẹ́ẹ̀gì omi sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Òun la fi ń lọ sí Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, òun náà la sì fi ń lọ sí ìdí omi Arinta pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé kalẹ̀ sí ojú títì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ọkọ̀ yín, ẹ má fojú díwọ̀n

Ẹ wá tépù gígùn, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń lò. Ẹ wọn gígùn ọkọ̀ láti orí bọ́ńpà iwájú dé bọ́ńpà ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi àtẹ̀gùn ẹ̀yìn tàbí táyà àpọ̀jù kún un bó bá wà níbẹ̀. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ nígbà tí dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣí sílẹ̀, nítorí dígí ló máa ń kọ́kọ́ gbá òpó géètì. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan gun òkè ọkọ̀, kó wọn gíga rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù àti irin ìkẹ́rù tó wà lórí òrùlé.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Coaster gígùn máa ń tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 23 ní gígùn, bíi 7 ní ìbú kí a tó ka dígí, bíi 8 àtààbọ̀ ní gíga kí a tó gbé nǹkankan lé e lórí. Hiace gígùn olórùlé gíga ti àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 17 àtààbọ̀ lọ ní gígùn, bíi 7 àtààbọ̀ ní gíga. Àwọn ọkọ̀ àjò ńlá ti Amẹ́ríkà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn nínú wọn gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 40 lọ, ìwọ̀nyẹn kò sì yẹ kí ẹ gbé wá sí àdúgbò wa rárá àfi bí ilé yín bá wà létí títì ńlá.

Ìwọ̀n kan wà tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: àlàfo tó wà láàárín ìsàlẹ̀ bọ́ńpà àti ilẹ̀, àti bí imú ọkọ̀ ṣe yọ síwájú táyà tó. Ọkọ̀ tí imú rẹ̀ yọ gígùn síwájú táyà yóò fi bọ́ńpà gbá ilẹ̀ níbi tí Corolla bá kọjá láìfọwọ́ kan nǹkankan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọ̀nà ló kàn, ilé ṣì dúró

Àwọn àgbà ní ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti wá. Ẹni tó bá mọ Adó mọ̀ pé òótọ́ ni. Àwọn àdúgbò wa gun òkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, àpáta sì yọrí láàárín ilé sí ilé. Nítorí náà, nígbà tí ejẹ́ǹtì bá pè yín pé ilé wà, ẹ ní kó dúró dè yín ní ojú títì tó ní ọ̀dà, kí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé ẹnu géètì. Ẹ má jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ni yóò rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè. Àwọn wáyà iná tí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn fà láti òpó NEPA dé ilé wọn, tí wọ́n fi ọparun gbé dúró, máa ń rọ̀ wálẹ̀ lọ́dọọdún. Èyí tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 12 nígbà tí wọ́n fà á lè ti wálẹ̀ sí 9 báyìí. Bí orí bọ́ọ̀sì bá kọ́ ọ, ewu ẹ̀mí ni. Ẹ tún wo ẹ̀ka igi, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ni igi náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wolẹ̀. Gọ́tà wo ni ọkọ̀ máa gba orí rẹ̀ kọjá? Afárá kékeré tí onílé fi bo gọ́tà lẹ́nu géètì rẹ̀, pákó ni, àbí kọnkéré? Bó bá jẹ́ kọnkéré, irin wà nínú rẹ̀ àbí wọ́n kàn dà á lé orí pákó? Coaster ju tọ́ọ̀nù 3 lọ kí èèyàn kan tó wọ inú rẹ̀. Afárá tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ń gùn fún ọdún mẹ́wàá lè dá lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí bọ́ọ̀sì bá gùn ún.

Bí ọ̀nà náà bá jẹ́ ilẹ̀ pupa, ẹ padà lọ wò ó lẹ́yìn òjò ńlá. Mo mọ̀ pé ejẹ́ǹtì yóò máa sọ pé ẹlòmíràn ti gbé owó dání, kí ẹ má jáfara. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà rà á. Ilé tí ẹ rí ní oṣù kejìlá, tí ọ̀nà rẹ̀ gbẹ tó sì tẹ́jú, ọ̀gbàrá lè gbẹ́ ẹ di kòtò ní oṣù kẹsàn-án. Apá ibi tó sún mọ́ odò bíi Ajílosùn nílò kí ẹ bi àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ léèrè ibi tí omi ń dé. Àwọn ìyá tó ń ta nǹkan níwájú ilé ni kí ẹ bi. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, ẹ ra nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn yóò fi ibi tí omi ń dé lára ògiri hàn yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi eérú ya bọ́ọ̀sì yín sílẹ̀

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró pẹ́. Géètì fífẹ̀ kò ní ìtumọ̀ bí pópó tó wà níwájú rẹ̀ bá há. Ọkọ̀ gígùn kì í yà lójijì. Bí imú rẹ̀ bá ti wọ géètì, ìdí rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà, táyà ẹ̀yìn sì máa ń gé ọ̀nà kúrú, á fẹ́ gun òpó géètì tó wà ní inú ìyàkọ̀ náà. Coaster gígùn ń fẹ́ àyè tó tó ẹsẹ̀ bàtà 40 sí 45 kó tó lè yí po lẹ́ẹ̀kan. Pópó tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 18, tí gọ́tà wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tí géètì rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ wa bọ́ọ̀sì náà lọ síbẹ̀. Kò sí ìdánwò tó dà bíi rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀sì bá wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí kò tíì dé sí Nàìjíríà, ohun tí a ṣe nígbà tí a fẹ́ ra ilé lẹ́ẹ̀kejì nìyí. Ìyàwó mi gba eérú kún garawa kan lọ́wọ́ ìyá tó ń dín àkàrà, a sì gba okùn lọ́wọ́ bíríkìlà kan. A fi okùn wọn ẹsẹ̀ bàtà 23 sí 8 sí ojú ọ̀nà, a da eérú sí etí rẹ̀ yíká, ni bọ́ọ̀sì bá hàn gbangba lórí ilẹ̀ pupa bí ẹni tẹ́ ẹní. Dírẹ́bà wa wá dúró sí ibi tí yóò jókòó sí, ó ń tọ́ka ibi tí táyà yóò gbà, à ń da eérú tẹ̀lé e ní ẹsẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta títí a fi wọ inú àgbàlá. Nígbà tí eérú tán, a rí i kedere pé òpó géètì ti apá ọ̀tún gbọ́dọ̀ sún ẹsẹ̀ bàtà méjì. Onílé náà fojú ara rẹ̀ rí i, kò sì jiyàn nígbà tí a ní kó yọ owó àtúnṣe rẹ̀ kúrò lórí owó ilé.

Ẹni tó mọ ọkọ̀ náà wà gan-an ni kí ẹ mú dání. Èmi mọ ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n dírẹ́bà tó ti fi ogún ọdún wa bọ́ọ̀sì Adó sí Àkúrẹ́ ni mo bẹ̀.

Ní ti géètì fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 12 ni mo kà sí èyí tó kéré jù fún Coaster, 14 ló fi ọkàn ẹni balẹ̀. Géètì tó ń yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ dára ju èyí tó ń ṣí sínú lọ, torí èyí tó ń ṣí sínú máa ń gba àyè tí bọ́ọ̀sì yẹ kó lò. Bí wọ́n bá da kọnkéré kọjá lórí géètì láti fi ṣe ọ̀ṣọ́, ẹ wọn gíga rẹ̀ láti ibi tí ilẹ̀ ti ga jù. Bó bá kéré sí ẹsẹ̀ bàtà 10, ẹ jọ̀wọ́, wíwó ló máa gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: inú àgbàlá

Pulọ́ọ̀tì tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ́ ilé sí nínú rẹ̀. Bí ilé bá fẹ̀ ní 36, tó sì dúró sí àárín gbùngbùn, ẹsẹ̀ bàtà méje péré ló kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀sì ò lè gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó kọ́ ọ bá ti sún un sí ẹ̀gbẹ́ kan, ilé kan náà lè ṣẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 tàbí 11 kù fún yín. Irú ulé bẹ́ẹ̀, bí àwa ará Èkìtì ṣe ń pe ilé, ni kí ẹ máa wá. Ẹ má sì gbàgbé etí òrùlé: páànù máa ń yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta, ó sì lè ya òkè bọ́ọ̀sì yín.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú àgbàlá ni sókàwéè, kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ń wọ̀ lọ. Ẹ béèrè ibi tó wà, kí ẹ má sì gba ìdáhùn tí kò ṣe kedere. “Ó wà lọ́hùn-ún” kò tó. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ orí rẹ̀ hàn yín, ti sókàwéè àti ti kòtò ìgbẹ́, torí méjì ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ẹlòmíràn ti da erùpẹ̀ bò ó, ó ti tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì lé e lórí, kò sì sí àmì kankan mọ́. Wọ́n da kọnkéré orí rẹ̀ kó lè gbé èèyàn àti iyẹ̀pẹ̀. Wọn kò rò ó mọ́ bọ́ọ̀sì. Irin inú rẹ̀ ti ń dípẹtà láti ìsàlẹ̀ nítorí gáàsì inú kòtò. Mo ti rí ibi tí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan wọ inú sókàwéè lọ́sàn-án gangan, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ta bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ọ̀nà bọ́ọ̀sì yín bá gba orí sókàwéè, ẹ ní láti gbé sókàwéè kúrò tàbí kí ẹ wá ilé mìíràn. Kànga àtijọ́ tí wọ́n ti dí náà, ẹ béèrè rẹ̀.

Bí íńtálọ́ọ̀kì bá wà nílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yọ ẹyọ kan kí ẹ wọn nínípọn rẹ̀. Èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 wà fún ẹsẹ̀ èèyàn àti ọkọ̀ kékeré. Sẹ̀ǹtímítà 8 ni ti ọkọ̀ tó wúwo.

Ẹ tún wo bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó. Ẹni tó bá fẹ́ sùn nínú ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí àlejò pọ̀ nílé mọ̀ pé orí kì í balẹ̀ lórí ibi tó dagẹ̀rẹ̀. Ẹ wá igi ńlá méjì gbẹ́ fún ìdíwọ́ táyà, ẹ má fi òkúta yíyípo ṣe é.

Ọ̀rọ̀ iná fún ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá: fólítì 120 ni iná ilé wọn lọ́hùn-ún, tiwa jẹ́ bíi 230. Bí ẹ bá kàn gé ìdí wáyà, tí ẹ sì so ó mọ́ iná wa, ohun èlò inú rẹ̀ lè jó. Kí oníṣẹ́ iná tó mọ̀ọ́ṣe bá yín fi ẹ̀rọ tó ń dín iná kù sí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìwé, àti ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé

Gbogbo ẹni tó ń ra ilé ló mọ̀ pé ìwé ṣe pàtàkì. Ti ẹni tó ń wá ibi ìgbọ́kọ̀sí yàtọ̀ díẹ̀, torí ibi tí ẹ fẹ́ gbé ọkọ̀ sí gan-an ló sábà máa ń jẹ́ ibi tí kì í ṣe ti onílé. Ilẹ̀ gbalasa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sí, ejẹ́ǹtì yóò tọ́ka sí i pé, “Ibẹ̀ gan-an ni bọ́ọ̀sì yín máa dúró.” Ẹ bi í pé ṣé ó wà nínú ìwé sọ̀fé, ìwé tó ya ààlà ilẹ̀? Ilé kejì tí a wò, a fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nítorí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sọ̀féyọ̀ tiwa ló wá òkúta ààlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí nínú koríko, tó ka nọ́ńbà orí wọn, tó sì sọ fún wa pé ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ yẹn wà lẹ́yìn òkúta, ti ẹlòmíràn ni.

Nítorí náà, ẹ gba ẹ̀dà ìwé sọ̀fé, kí sọ̀féyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, tí ẹ̀yin fúnra yín yàn, mú un lọ sí ọ́fíìsì sọ̀féyọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tàbí ọ̀nà ti gba inú rẹ̀ kọjá. Àyè tó wà láàárín fẹ́ǹsì àti títì pẹ̀lú, ti ìjọba ni; ẹ má kà á mọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí, torí lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ̀ títì, wọn kò ní bi yín.

Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá dá a tà, àwọn yòókù lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n fagi lé e. Bí ilé bá sì ti ní C of O (ìwé àṣẹ ìní ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba), òfin Land Use Act ti ọdún 1978 sọ pé gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Lọ́yà ni kí ẹ gbé èyí fún. Ẹ jẹ́ kí owó gba báńkì, kí rìsíìtì sì gbé orúkọ gbogbo ẹni tó gbà á.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọn aládùúgbò

Ẹ lọ kí alága ẹgbẹ́ onílé kí ẹ tó sanwó. Ẹ bi í nípa géètì àdúgbò: aago mélòó ni wọ́n ń tì í, ṣé irin wà lókè rẹ̀, báwo ló ṣe ga tó? Ẹ sọ irú ọkọ̀ tí ẹ ní fún un láìfi nǹkankan pamọ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn onílé lè fi ìwé òfin dè yín pé kí ọkọ̀ àjò má dúró sí iwájú ilé. Lọ́dọ̀ wa, ẹnu àgbà ló sábà máa ń jẹ́ ìwé náà. Bí Bàbá tó wà ní ilé kejì kò bá fẹ́ ariwo ẹ́ńjìnnì ní aago márùn-ún ìdájí, ẹ kúkú mọ̀ kí ẹ tó kó dé, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: owó, àti alẹ́ kan ṣoṣo

Ẹ ṣe àkójọ ohun tí ẹ máa tún ṣe: òpó géètì tó máa sún, afárá gọ́tà, sókàwéè, wáyà tí wọ́n máa gbé sókè. Kí bíríkìlà àti wẹ́dà bá yín dá iye rẹ̀, kí ẹ sì gbé ìwé náà síwájú onílé nígbà ìdúnàádúrà. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ń ṣiṣẹ́ ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí ìwé bá ti pé, ẹ má san gbogbo owó tán. Ẹ bá onílé ṣe àdéhùn, kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀, pé bọ́ọ̀sì yín yóò sun ibẹ̀ ní alẹ́ kan kí ẹ tó san èyí tó kù. Ẹ wà á wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ pa iná rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní òwúrọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹsẹ̀ táyà kọ̀ọ̀kan: ṣé ilẹ̀ ti rì, ṣé íńtálọ́ọ̀kì ti dà, ṣé kọnkéré kankan ti sán? Lẹ́yìn náà, ẹ wà á jáde, kí ẹnì kan dúró sí ẹ̀yìn, kí ẹnì kan dúró sí ojú ọ̀nà. Bó bá jáde láìfọwọ́ kan òpó, ẹ wọlé lọ san owó tó kù.